Sìlíńdà jò, iná jó èèyàn: ta ló yẹ kó sanwó, ẹni tó tà á ni àbí ẹni tó rọ gáàsì sí i?

Ìbéèrè láti Ọ̀tà

Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo ń wá, ọ̀rọ̀ náà ò sì lè dúró. Àbúrò ìyá mi ra sìlíńdà kg 12.5 ní ṣọ́ọ̀bù kan ní àdúgbò wa. Wọ́n ní tuntun ni. Ó gbé e lọ rọ gáàsì ní pláǹtì tó wà lójú títì. Oṣù kan ò tíì pé tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í jò níbi tí fáàfù ti wọ ọrùn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé tó kọjá, wọ́n ṣáná báyìí, iná gba gbogbo kíṣìnnì. Apá àti ọrùn àǹtí mi ló jó, iná sì jó ọmọ aládùúgbò tó wá tọrọ iyọ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ta sìlíńdà sọ pé pláǹtì ló rọ gáàsì jù. Pláǹtì sọ pé sìlíńdà ògbólógbòó tí wọ́n kùn lọ́dà ni. Lánlọ́ọ̀dù ń béèrè owó kíṣìnnì rẹ̀. A ò ní rìsíìtì. Ìyá mi ní ká fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ta ló yẹ kó sanwó gan-an?

* * *

Sìlíńdà yẹn dà báyìí? Ìyẹn ni mo fẹ́ mọ̀ ká tó sọ̀rọ̀ owó.

Mo ń ta sìlíńdà àti sítóòfù n'Íbàdàn, mo sì ti ṣiṣẹ́ ní pláǹtì kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Mo mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé irú jàǹbá yìí. Kí aláìsàn tó kúrò lọ́sibítù, ẹni tó tà á á ti rán ọmọṣẹ́ wá pé kí ẹ gbé sìlíńdà wá káwọn yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ti jáde nílé yín báyẹn, ó lọ nìyẹn. Wọ́n lè tún un kùn, wọ́n lè tà á fún àwọn onírin àlòkù, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan tọ́ka sí mọ́.

Ẹ má gbé e fún ẹni tó tà á. Ẹ má gbé e fún pláǹtì. Bí gáàsì bá ṣì kù nínú rẹ̀, ẹ ní kí àwọn panápaná bá yín gbé e síta, síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí iná ò sì sí nítòsí. Ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má tú rẹ́gúlétọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ẹ má sì da họ́ọ̀sì nù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yí ká: ọrùn, ìdí, ibi tí èéfín ti kùn dúdú jù, àti nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ irin. Bí ọlọ́pàá bá fẹ́ gbé e, ẹ gba ìwé tó sọ ẹni tó gbé e àti ọjọ́ tó gbé e.

Ẹ béèrè ìwé ìjábọ̀ lọ́wọ́ panápaná. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé ọsibítù, títí kan ti oògùn tí ẹ rà ní kẹ́mísí.

* * *

Ó dáa, ìbéèrè gan-an. Lójú tèmi, ẹni tó ta sìlíńdà ni yóò kọ́kọ́ dáhùn, bí kì í tilẹ̀ ṣe òun ló ṣe sìlíńdà náà.

Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, sọ ọ́ ní abala 136: bí ọjà tó ní àbùkù bá ṣe èèyàn ní jàǹbá, yálà àbùkù yẹn nìkan ló fà á tàbí ó wà lára ohun tó fà á, ẹni tó pèsè ọjà náà ni gbèsè rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Kì í ṣe ọjà nìkan, òfin náà kan iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún yín pẹ̀lú. Rírọ gáàsì sí sìlíńdà, iṣẹ́ ni. Nítorí náà pláǹtì náà ò lè kàn nawọ́ sí ẹlòmíràn kó sì máa lọ.

Láyé àtijọ́, ohun tó máa ń gbé irú ẹjọ́ yìí ṣubú ni pé oníbàárà ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ilé-iṣẹ́ ṣe àìbìkítà. Ilé-iṣẹ́ á kó ẹnjiníà wá sílé ẹjọ́, wọ́n á máa ṣàlàyé bí ẹ̀rọ wọn ṣe dára tó, oníbàárà tí kò wọ ilé-iṣẹ́ yẹn rí ò sì ní rí èsì fọ̀. Òfin 2018 gbé ìbéèrè náà kúrò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni pé: ṣé ọjà náà ní àbùkù, ṣé àbùkù yẹn ló pa yín lára?

Ní ti ọmọ tó wá tọrọ iyọ̀, àwọn kan ti ń sọ pé kò ra nǹkan kan nítorí náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí nǹkan kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1932 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Britain ti yanjú èyí. Obìnrin kan ní Paisley, Scotland, tó ń jẹ́ Donoghue, ní òun bá òkú ìgbín nínú ìgò ohun mímu tí ọ̀rẹ́ òun rà fún òun. Ó pe Stevenson tó ṣe ohun mímu náà lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó ṣe ọjà ní ojúṣe sí ẹni tó máa lò ó, bí kì í tilẹ̀ ṣe òun ló fowó rà á. Àwọn adájọ́ wa náà ń tẹ̀ lé ìlànà yẹn. Kí òbí ọmọ náà má jókòó.

* * *

“Kò sí rìsíìtì, kò sí ẹjọ́.” Mo ti ka èyí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìdáhùn tí àwọn ẹlòmíràn kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, ó sì ń bí mi nínú, torí àwọn tó ń tajà ló ń fi í dẹ́rù ba èèyàn.

Ṣé wọ́n fowó ránṣẹ́ láti fóònù? Àlẹ́ẹ̀tì báǹkì ẹ̀rí ni. Ṣé POS ni wọ́n fi san án? Ẹ̀rí ni. Ta ló bá àǹtí yín gbé e wálé? Ọlọ́kadà, ọmọ ilé, aládùúgbò tó ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá bá ẹni tó tà á sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp rárá, pàápàá ìgbà tí sìlíńdà kọ́kọ́ ń jò, ẹ má pa á rẹ́. Òfin kan náà yẹn ló sì ní kí ọlọ́jà fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tó tà fún un. Ẹni tí kò kọ rìsíìtì ló ṣẹ̀, kò sì yẹ kí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ di àǹfààní fún un.

* * *

Ẹnì kan kọ ọ́ pé bí sìlíńdà ò bá ti fọ́ yángá, kì í ṣe ẹ̀bi sìlíńdà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gba èyí gbọ́. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí rẹ̀.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń wá, á máa tàn kálẹ̀ bí omi tó dà sílẹ̀, á gba abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Ibi tó bá ti pàdé iná, ṣáná ni o, fìríìjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ara rẹ̀ ni o, níbẹ̀ ló ti máa gbiná. Ariwo “gbòà” tí àwọn aládùúgbò gbọ́, inú yàrá ló ti wá. Sìlíńdà lè wà lódindi nídìí ògiri kó sì jẹ́ òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo ọrùn rẹ̀ dáadáa. Ní pláǹtì, mo máa ń fi èékánná ha ọ̀dà kúrò létí ibi tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Irin sìlíńdà tuntun máa ń mọ́ lábẹ́ ọ̀dà, lẹ́tà rẹ̀ á sì jinlẹ̀ ketekete. Èyí tí wọ́n tún kùn, ẹ óò bá ọ̀dà mìíràn lábẹ́ ọ̀dà, pupa lábẹ́ àwọ̀ ewé, nígbà míì àwọ̀ mẹ́ta lórí ara wọn. Ẹ óò rí i pé ibi tí ó yẹ kí ọdún wà ti dán, wọ́n ti fi gíráńdà gé e. Ẹ yí i wo nídìí: bí ìpẹtà bá ti jẹ irin ìdí rẹ̀ títí tó fi ní ihò wẹ́wẹ́, tí ọ̀dà tuntun sì wọ inú ihò náà, a jẹ́ pé ìpẹtà ti wà níbẹ̀ kí ọ̀dà tó dé. Ẹ ya ìyẹn ní fọ́tò tó súnmọ́ ọn.

Àwọn aláṣẹ wa ti sọ ọ́ léraléra pé ọdún 15 ni sìlíńdà irin yẹ kó lò mọ. Ẹni tó gé ọdún kúrò lára rẹ̀ mọ ìdí tó fi gé e. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni má ta àlòkù. Ohun tó ní ni pé kí ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n tún ṣe sọ ọ́ gbangba fún oníbàárà. Àlòkù tí wọ́n pè ní tuntun, irọ́ ti wọ̀ ọ́ kí gáàsì tó wọ̀ ọ́.

* * *

Ti pláǹtì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ wọn ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, kò sì ní kí wọ́n bọ́.

Lára gbogbo sìlíńdà ni wọ́n máa ń kọ ìwúwo rẹ̀ nígbà tó ṣófo, TW ló máa ń ṣíwájú nọ́ńbà náà. Bí TW bá jẹ́ 14, tí wọ́n sì rọ kg 12.5 sí i, 26.5 ló yẹ kí òṣùwọ̀n sọ. A kì í rọ ọ́ kún dẹ́nu: ìdá 80 sí 85 nínú 100 ni gáàsì olómi máa ń gbà, ìyókù wà fún un láti fẹ̀ sí bí oòrùn bá mú. Ọmọṣẹ́ tó ń rọ gáàsì sí sìlíńdà tí kò ní TW, tàbí tí TW rẹ̀ ti parẹ́, ojú lásán ló ń lò.

Ó tún yẹ kó da omi ọṣẹ sí ọrùn sìlíńdà lẹ́yìn tó bá rọ ọ́ tán, kó wò ó bóyá ó ń hó. Kò gba àkókò rárá. Èmi ò jẹ́ kí oníbàárà kan gbé sìlíńdà kúrò níwájú mi láìjẹ́ pé a ṣe é. Bí pláǹtì yẹn bá rí i pé ògbólógbòó ni, bí wọ́n ṣe ń fẹnu ara wọn sọ ọ́ báyìí, kí ló dé tí wọ́n rọ gáàsì sí i? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn ló ń dá wọn lẹ́bi. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ àti ẹni tó sọ ọ́.

Ẹ má bá wọn dá ìjà tó wà láàárín wọn. Ẹ fi ẹ̀sùn kan àwọn méjèèjì pọ̀, kí wọ́n lọ bá ara wọn fà á níwájú adájọ́.

* * *

Ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ń ta sìlíńdà ní Gbági bínú sí mi. Ó ní mo ń ta àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lọ́pọ̀, pé a ò ṣe sìlíńdà, a ò kó o wọlé láti òkè òkun, a ò sì lè rí inú irin.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni oníbàárà mọ̀? Àwa ló mọ̀. Àwa la mọ ẹni tó tà á fún wa. Àwa la lè sanwó ká sì lọ gba owó wa padà lọ́wọ́ ẹni tó kó o wọlé. Ìyá tó ń din àkàrà ò lè wá onísìlíńdà dé Àpápá. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní ìwé àkọsílẹ̀ tí mo ń kọ nọ́ńbà sìlíńdà kọ̀ọ̀kan sí, ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ẹni tí mo tà á fún. Bí èyí bá ṣòro fún ẹ, ọ̀rẹ́ mi, ọjà míì wà tí kì í gbiná.

* * *

Ìdáhùn kan wá láti Àjàṣẹ́ tí mo fẹ́ kí gbogbo wa kà. Ó ní lọ́dọ̀ wọn ní orílẹ̀-èdè Benin, sìlíńdà kì í ṣe ti oníbàárà. Bí gáàsì bá tán, wọ́n á gbé èyí tó ṣófo lọ, wọ́n á gba èyí tó kún, ilé-iṣẹ́ ló ni irin náà, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló sì wà lára rẹ̀. Bó bá jò, kò sí pé ta ló tà á, ta ló rọ ọ́.

Ìjọba àpapọ̀ wa náà ti ń sọ̀rọ̀ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa pa òwò mi lára. Níwọ̀n ìgbà tí olúkúlùkù bá ṣì ń ra irin tirẹ̀, tó ń lò ó títí tó fi ń di ìpẹtà, àríyànjiyàn Ọ̀tà yìí ò ní tán.

* * *

Ẹ tún dá ìmọ̀ràn ẹni tó ní kí wọ́n fi ẹyin àti ògì pa ojú iná náà dúró. Ẹ jọ̀ọ́ o! Omi tútù tó ń ṣàn, fún ogún ìṣẹ́jú, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí iná bá jó èèyàn, lẹ́yìn náà ọsibítù. Ẹyin máa ń kó kòkòrò wọ ojú egbò.

* * *

Àwọn tó ní ẹ̀bi oníbàárà ni: wọn ò parọ́ tán. Mo ti rí ẹni tó fi rọ́bà omi ṣe họ́ọ̀sì gáàsì, tó fi wáyà dè é dípò kílípù. Mo ti rí ẹni tó dojú sìlíńdà bolẹ̀ kó lè rí ìyókù gáàsì lò, àti ẹni tó gbé e sínú omi gbígbóná. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni iná ti bẹ̀rẹ̀, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni pariwo lórí ọlọ́jà.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan nípa abala 136, pé àbùkù lè jẹ́ apá kan ohun tó fa jàǹbá. Ká ní àǹtí yín gbóòórùn gáàsì tó sì tún ṣáná, agbẹjọ́rò wọn á fa ìyẹn yọ, owó lè dín kù. Kò ní kí sìlíńdà tó ń jò di èyí tí kò jò. Ẹ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ fún lọ́yà yín.

Lánlọ́ọ̀dù náà ní ohun tó bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ ní kó da ẹ̀sùn tirẹ̀ pọ̀ mọ́ tiyín, kó kojú ẹni tó tà á dípò ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìyá yín ló kù, òun ló sì wúwo jù lára mi.

Mo mọ obìnrin olóúnjẹ kan ní àdúgbò wa tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó ta sìlíńdà kó àwọn àgbà wá, ó kó alága àwọn onílé wá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sanwó ìdì egbò àkọ́kọ́, ó gbé àpò ìrẹsì wá. Gbogbo ìdílé ní àwọn ti gbọ́, àwọn ti gbà, kí Ọlọ́run má ṣe é mọ́. Wọ́n dá sìlíńdà padà fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tí egbò ń jinná, awọ ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ìka mẹ́ta ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọn ò sì nà mọ́. Kò lè di ìpọnbẹ̀ mú, kò lè ro àmàlà. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Wọ́n padà lọ bá ọkùnrin yẹn, ó ní “Ṣebí a ti parí ẹ̀ níwájú àwọn àgbà?” Kò sì sí irin tí wọ́n lè gbé fún ẹnikẹ́ni wò.

Mi ò ní kẹ́ ẹ lé ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbà á, ẹ fún un ní omi. À ń sunkún, à ń ríran. Ìdáríjì wà lọ́wọ́ àǹtí yín, ó lè fún un lónìí. Owó iṣẹ́ abẹ, owó ọjọ́ tí kò lè tajà, ìyẹn ò sí lọ́wọ́ àwọn àgbà láti dárí rẹ̀ jì. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún màmá báyìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé bíbéèrè ẹ̀tọ́ ọmọ wọn kì í ṣe àìgbàgbọ́.

* * *

Ibo ni kí wọ́n gbà lọ? Ẹnì kan láti Èkó ní kí wọ́n lọ sí kóòtù ẹ̀sùn kékeré, tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí owó rẹ̀ ò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ. Kóòtù yẹn dára, ṣùgbọ́n gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú ló wà fún. Ìpalára ara, tí adájọ́ gbọ́dọ̀ wọn iye rẹ̀, kì í ṣe tibẹ̀.

Àjọ FCCPC, tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn oníbàárà, ni kí wọ́n kọ̀wé sí lákọ̀ọ́kọ́. Ti ìjọba àpapọ̀ ni, kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá mú ẹ̀sùn wá. Kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí SON, àjọ tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, nítorí sìlíńdà, àti sí NMDPRA, àjọ tó ń bójú tó òwò epo àti gáàsì, nítorí pláǹtì, torí àwọn ló ń fún pláǹtì níwèé àṣẹ. Pláǹtì máa ń bẹ̀rù NMDPRA ju lọ́yà lọ, mo ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mo mọ̀. Bí agbára ò bá gbé owó lọ́yà, kí wọ́n lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà. Kí wọ́n má jẹ́ kó pẹ́, torí òfin ní gbèdéke fún ẹjọ́ ìpalára, ó sì yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn.

* * *

Mo rí ìwé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé síbí, tí ẹni tó ta sìlíńdà ní kí àǹtí yín fọwọ́ sí kí òun tó san owó ọsibítù. Ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn: “mi ò tún ní béèrè ohunkóhun mọ́, nísinsìnyí tàbí lọ́jọ́ iwájú, èmi àti gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.” Nítorí ìlà yẹn ni wọ́n ṣe kọ gbogbo ìwé náà.

Kí àǹtí yín má fọwọ́ sí i, kó má tẹ̀ka sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ òmíràn tó sọ pé owó ìtọ́jú ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí, iye tó jẹ́, àti pé ìyókù ṣì wà nílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ran aláìsàn lọ́wọ́ ní tòótọ́, kó lọ san án fún ọsibítù tààrà, kí ẹ gba rìsíìtì. Àti “gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn” yẹn, ọmọ aládùúgbò ni wọ́n ń fà wọ inú ìwé tí òbí rẹ̀ ò tíì rí. Ẹ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Kí bàbá ọmọ náà wá bá wọn sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀.